Ẹ Má Ra Ẹ̀rọ Ńlá Kan fún Wa

Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì ní sáà tó kọjá, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, fóònù lọ́wọ́ kálukú wa. Pọ́tàlì ilé-ìwé ò ṣí. A tẹ̀ ẹ́, ó ń yí. A tún un tẹ̀, ó ń yí. Nígbà tó di aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ẹnìkan láàrin wa rí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó yan kọ́ọ̀sì mẹ́rin, ó tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó gbé pọ́tàlì ró, ti ń dákú tó ń jí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbèdéke ti kọjá, a ti di ẹni tó pẹ́ forúkọ sílẹ̀, owó ìtanràn sì ti jáde lórúkọ wa. Ẹ̀rọ ló ṣẹ̀, àwa la sanwó.

A ò ní dárúkọ ilé-ìwé, nítorí kì í ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ rí ní yunifásítì nílẹ̀ yìí mọ ohun tí à ń sọ.

Ohun tó mú wa kọ̀wé lónìí ni ìròyìn ayọ̀ kan tó ń bà wá lẹ́rù. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti gboyè jáde gbọ́ ìyà tó jẹ wá, àánú wa ṣe wọ́n, wọ́n sì ti ń dá owó jọ láti ra sáfà tuntun fún ilé-ìwé: ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo, tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí owó wọ́n yín. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ la fi ń bẹ̀ yín: ẹ má ra ẹ̀rọ ńlá kan fún wa. Ẹ fi owó yẹn ra mẹ́ta tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ilé-ìwé so wọ́n pọ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan.

Àwọn kan á ní, kí ló kan ọmọ ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sáfà? Ẹ lọ ka ewì yín. Èsì wa ni pé ìyà kì í béèrè ẹ̀ka tí èèyàn wà kó tó jẹ ẹ́. Orúkọ wa wà nínú ẹ̀rọ náà, máàkì wa wà níbẹ̀, owó tí òbí wa san wà níbẹ̀. Ẹni tó kó àgbàdo sínú àká ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí àká ṣe rí.

Àká àti olùtọ́jú àká

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni àwọn fáìlì tó wà lórí díìsìkì: orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀, kọ́ọ̀sì, máàkì, rìsíìtì. Àká nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbàdo kì í rìn jáde nínú àká fúnra rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń gbà, tó ń fúnni, tó sì ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹni yẹn ni ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́mórì ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní instance. Àwa ó máa pè é ní olùtọ́jú.

Bí a ṣe wà yìí, àká kan, olùtọ́jú kan, ẹ̀rọ kan ni. Ọjọ́ tí ara olùtọ́jú bá yá, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ọjọ́ tó bá ṣàìsàn, àgbàdo ò bàjẹ́ o, àká ò wó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn. Gbogbo wa la ó tò síta títí yóò fi gbádùn.

Ọ̀nà méjì gbòógì ló wà láti kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí àká wà ní ọ̀kan, kí olùtọ́jú di púpọ̀, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tirẹ̀, kí gbogbo wọn sì máa ṣí àká kan náà. Bí Oracle RAC ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, èyí tó jáde pẹ̀lú Oracle 9i ní ọdún 2001. Ọ̀nà kejì ni kí olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan ní àká tirẹ̀, kí ohun tó bá wọ ọ̀kan máa wọ àwọn yòókù. Bí Galera ṣe ń ṣe é fún MariaDB nìyẹn. PostgreSQL náà lè ṣe irú rẹ̀: olórí kan ń gba àkọsílẹ̀, àwọn yòókù ń dà á kọ, bí olórí bá kú ọ̀kan nínú wọn á bọ́ sípò rẹ̀. Méjèèjì yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cluster. Àgbájọ ẹ̀rọ ni àwa ó pè é, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìyàtọ̀ wà láàrin wọn, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ọ̀nà kìíní ń gbà wá lọ́wọ́ ikú olùtọ́jú, kò gbà wá lọ́wọ́ iná tó bá jó àká. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ rí i pé díìsìkì tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò ní ìbejì tirẹ̀.

Ẹ̀rọ tó tóbi lè ṣubú bí èyí tó kéré

Èrò àwọn tó ń sọ pé ká ra ẹ̀rọ ńlá ni pé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kéré jù, òun ló fi ń dákú. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ bá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ kékeré á mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò nìkan ló ń pa ẹ̀rọ. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń pa á. Ooru ń pa á nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá kọṣẹ́. Díìsìkì ń gbó. Pọ́wà sọ́páì ń jó. Nígbà mìíràn wọ́n á fẹ́ fi àtúnṣe ààbò tuntun sí i, wọ́n á sì pa á fúnra wọn. Kò sí èyí tó ń béèrè bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó nínú gbogbo ìwọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ̀rọ kan máa ń kú fún ọjọ́ 1 nínú ọjọ́ 100. Lọ́dún kan, ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 3.65, bíi wákàtí 87. Tí ọjọ́ mẹ́ta yẹn bá wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ká wá ní ẹ̀rọ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní irú àìlera kan náà, tí iṣẹ́ sì ń lọ níwọ̀n ìgbà tí méjì bá ṣì wà láàyè. Ó di ìgbà tí méjì bá kú pọ̀ kí pọ́tàlì tó kú. Bí ikú ọ̀kan ò bá fa ikú èkejì, ìyẹn máa ń jẹ́ nǹkan bíi 3 nínú 10,000. Lọ́dún kan, wákàtí méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Wákàtí 87 ló di wákàtí méjì ààbọ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kankan dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ tún ka gbólóhùn kan níbẹ̀ o: bí ikú ọ̀kan ò bá fa ikú èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò. Wọ́n á ra ẹ̀rọ mẹ́ta, wọ́n á tò wọ́n sí yàrá kan, wọ́n á so wọ́n mọ́ ínfátà kan, lábẹ́ òrùlé kan tó ń jò. Ẹ̀rọ mẹ́ta lórí wáyà kan, ẹ̀rọ kan ni. Ọjọ́ tí bátìrì bá tán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ sùn. Ó yẹ kí wọ́n wà nínú ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé, kí orísun iná wọn yàtọ̀, kí okùn ìsopọ̀ tó dára sì so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ.

Ọba kì í pé méjì láàfin

Ẹlòmíràn á ní, ó dáa, a gbọ́, ẹ jẹ́ ká ra méjì. Méjì ṣáà ju ọ̀kan lọ.

Níbí la ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ méjì, Táyé àti Kẹ́hìndé, tí okùn kan so pọ̀. Lọ́jọ́ kan okùn já. Àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n wọn ò gbúròó ara wọn mọ́. Táyé rò pé Kẹ́hìndé ti kú. Kẹ́hìndé rò pé Táyé ti kú. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá pinnu láti máa bá iṣẹ́ lọ, ọba ti di méjì láàfin. Akẹ́kọ̀ọ́ kan san owó, Táyé kọ ọ́ sílẹ̀, Kẹ́hìndé ò mọ̀. Olùkọ́ kan fi máàkì sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, Táyé ò rí i. Nígbà tí okùn bá padà so, ìtàn méjì ló wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè búra pé òótọ́ ni ọ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì pinnu láti dákẹ́ kí ọ̀ràn má baà dà rú, iṣẹ́ dúró pátápátá, ó sì burú ju ẹ̀rọ kan lọ, nítorí ikú ẹnikẹ́ni nínú méjèèjì ló ń dá iṣẹ́ dúró báyìí.

Ìdí tí a fi ń sọ mẹ́ta nìyẹn. Bí mẹ́ta bá pín, méjì á wà lápá kan, ọ̀kan á wà lápá kejì. Àwọn méjì ju ìdajì lọ, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀kan mọ̀ pé òun ò tó ìdajì, á dákẹ́. Kò sí ìjà oyè. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje ni. A ò sọ pé torí kọ̀ǹpútà ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ìpàdé tí ìbò ti dọ́gba rí mọ àǹfààní iye tí kò ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba. Bí owó ò bá tó ra ẹ̀rọ ńlá mẹ́ta, ẹni kẹta lè jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dìbò lọ. Oracle náà ní díìsìkì ìdìbò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí ẹ̀rọ bá jẹ́ méjì.

Kò sì tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, GitHub, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí, ń pààrọ̀ ẹ̀rọ ìsopọ̀ kan tó ti ń bàjẹ́. Ìsopọ̀ já fún ìṣẹ́jú-àáyá 43. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n láàrin àkókò yẹn, ètò tó ń bójú tó ìgbapò rò pé ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti kú, ó sì fi àwọn ẹ̀rọ ìhà ìwọ̀-oòrùn jẹ oyè. Nígbà tí okùn padà so, àwọn àkọsílẹ̀ kan wà ní ìlà-oòrùn tí ìwọ̀-oòrùn ò tíì rí, ìwọ̀-oòrùn náà sì ti gba tuntun tí ìlà-oòrùn ò ní. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni iṣẹ́ fi mẹ́hẹ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ dá wa dúró á ní, ẹ rí i, àgbájọ ẹ̀rọ náà ń ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣubú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ ìjà la ń ṣòfin. Kí a tó so ẹ̀rọ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé ẹni tó lè gbapò, ìgbà tó lè gbà á, àti bí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pé tó kó tó gbà á.

Ohun tó bá bàjẹ́ níbì kan á bàjẹ́ níbi gbogbo

Irọ́ kan tún wà tó dùn létí: pé bí a bá ti ní ẹ̀rọ mẹ́ta, a ò nílò ẹ̀dà ìpamọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Àgbájọ ẹ̀rọ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ràn jù. Bí o bá ní kó pa máàkì rẹ́ lórí ọ̀kan, á pa á rẹ́ lórí gbogbo wọn kó o tó sọ pé háà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, tó fẹ́ pa fáìlì rẹ́ lórí ẹ̀rọ kejì, ṣèèṣì ṣe é lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, níbi tí dátábéèsì gan-an wà. Nǹkan bíi 300 gígábáìtì ló lọ. Ẹ̀rọ kejì wà o. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn fi ń pa ẹ̀dà mọ́, àfi bí wọ́n ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn pé kò sí èyí tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú wọn. Ẹ̀dà kan tó ti tó wákàtí mẹ́fà ló gbà wọ́n, ohun tó wọ dátábéèsì láàrin wákàtí mẹ́fà yẹn sì lọ pátápátá. Ká ní èsì ìdánwò ni wọ́n ń fi síbẹ̀ láàrin wákàtí yẹn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ wa ló ti rí orúkọ ara rẹ̀ lórí pọ́tàlì tó ti di àmì ìbéèrè: Ọpẹ́yẹmí á jáde ní “?p?y?mi”. Ọ̀nà tí àká gbà ń tọ́jú lẹ́tà ló fà á, kò mọ ẹ̀ àti ọ̀ wa. Tí wọ́n bá so ẹ̀rọ mẹ́ta pọ̀ láìtún ìyẹn ṣe, ẹ̀rọ mẹ́ta á jọ máa pè wá ní orúkọ tí a ò jẹ́. Kí wọ́n gbé àká sórí Unicode kí wọ́n tó so ẹ̀rọ pọ̀. Orúkọ tó ti di àmì ìbéèrè kò lè fúnra rẹ̀ padà di orúkọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wa ká tún un kọ.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yìí ju agbára ilé-ìwé lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Bí ilé-ìwé bá ń lo Oracle, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ rconfig. Ohun tí èèyàn fẹ́ ni yóò kọ sínú fáìlì kan, irinṣẹ́ náà á sì sọ dátábéèsì olùtọ́jú kan di ti olùtọ́jú púpọ̀. Inú fáìlì yẹn ni èèyàn ti lè ní kó kàn yẹ̀ ẹ́ wò láìyí ohunkóhun padà. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé ibẹ̀, ètò tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí gbogbo wọn, ẹ̀dà Oracle kan náà gbọ́dọ̀ wà lórí wọn, kí àwọn fáìlì sì wà níbi tí gbogbo ẹ̀rọ ti lè rí wọn. Olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan á wá gba ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, nítorí èèyàn méjì ò lè máa kọ̀wé sójú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ní àyè tirẹ̀ tó ń tọ́jú ohun tó wà tẹ́lẹ̀ sí bí ẹnìkan bá yí ọkàn padà.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni pọ́tàlì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá so ẹ̀rọ mẹ́ta pọ̀, tí pọ́tàlì ṣì ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nìkan, asán ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá kú, pọ́tàlì á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ajá tó ń dúró de olówó rẹ̀, nígbà tí méjì yòókù wà láàyè tí wọn ò ríṣẹ́ ṣe. Orúkọ àgbájọ ni kí wọ́n fún un, kì í ṣe àdírẹ́sì ẹ̀rọ kan.

A ò ní purọ́ fún yín: àgbájọ ẹ̀rọ kì í sọ ètò tí wọ́n kọ dànù di ètò tó dára. Nígbà tí gbogbo ìpele kìíní bá ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan tó pọn dandan, tí pọ́tàlì sì ń ka iye èèyàn sójú ìlà kan ṣoṣo, gbogbo olùtọ́jú ló máa jà sí ojú ìlà yẹn, wọ́n á máa ju ú síra wọn, ó sì lè lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n tún ètò náà wò, kí wọ́n sì pín ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ìyẹn ò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Kí wọ́n sì dán an wò. Ní àsìkò ìsinmi, nígbà tí a ti lọ sílé, kí ẹnìkan wọ yàrá lọ́sàn-án gangan, kó yọ wáyà ẹ̀rọ kan, kí wọ́n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí ọkàn wọn ò bá gbà á láti yọ wáyà yẹn, a jẹ́ pé àwọn náà ò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ́.

Owó àti èèyàn

Lórí owó: Oracle RAC jẹ́ ohun tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀ lórí owó Oracle fúnra rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó fi owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n PostgreSQL àti MariaDB, ọ̀fẹ́ ni. Yunifásítì kan ni PostgreSQL ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ ìwádìí tí Michael Stonebraker bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní ọdún 1986. Ilé-ìwé ló bí i. Kí ilé-ìwé máa sọ pé òun ò lè lò ó, ìtìjú ni.

Èyí tó ń dùn wá jù la fi pa mọ́ sí ìparí. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ń sọ yẹn, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ọ̀gá tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà ti rìnrìn àjò. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. A ò bú u. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: olùtọ́jú kan ni òun náà. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ mẹ́wàá, tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń jí wọn, ẹ̀rọ kan la ṣì ní. Ẹ yọ nínú owó yẹn, kí ẹ fi kọ́ èèyàn mẹ́ta níṣẹ́, kí wọ́n kọ ìlànà iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣe é láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ọ̀rọ̀ yín náà ni. Inú ẹ̀rọ yẹn ni transcript yín ti ń wá. Ọ̀kan nínú yín tó ríṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún wa bó ṣe dúró de tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n ń sọ fún un pé “sáfà ò sí”. Ẹ ti jáde, ṣùgbọ́n àgbàdo yín ṣì wà nínú àká.

Ohun tí à ń bèèrè ò pọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta, tàbí méjì pẹ̀lú ẹni kẹta tó ń dìbò. Ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀dà ìpamọ́ tó jìnnà sí ọgbà, tí wọ́n ń gbìyànjú láti dá padà lóṣooṣù kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Orúkọ wa bí a ṣe ń jẹ́ ẹ. Èèyàn mẹ́ta tó mọ iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì san owó ìtanràn mọ́ fún ọjọ́ tí sáfà ilé-ìwé fi kú.

Àwa náà ti ń dá owó. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, láti ìpele kìíní dé ìpele kẹrin, ó sì wà lọ́wọ́ akápò wa. Ọjọ́ tí ẹ bá ní ẹ̀rọ mẹ́ta ni, a ó kó o wá fún yín pẹ̀lú ijó. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá ni, ẹ dárí jì wá, owó náà á ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Igi kan kì í dá igbó ṣe.